Bí mo ṣe gba owó ìtọ́jú àbúrò mi lọ́wọ́ kọ́ńpìnnì inṣọ́ránsì

Ọ̀pọ̀ àwọn tó ní mọ́tò, torí ọlọ́pàá ni wọ́n ṣe ń ra third party, ìyẹn inṣọ́ránsì tó ń sanwó fún ẹlòmíì tí mọ́tò wọn bá ṣe ní jàǹbá, kí wọ́n ṣá ti ní pépà tí wọ́n á nà sí wọn lójú títì. Èmi ò ní mọ́tò, àbúrò mi náà ò ní, ẹ̀yìn ọ̀kadà ló wà lápá Ìwó Road n'Íbàdàn nígbà tí ayọ́kẹ́lẹ́ kan gba one-way wá kọlù wọ́n, egungun itan ẹ̀ kán. Inṣọ́ránsì mọ́tò tó kọlù ú yẹn ló padà san owó ìtọ́jú ẹ̀, mo sì fẹ́ ṣàlàyé bá a ṣe gbà á torí mo rí i pé àwọn tó mọ̀ pé èèyàn lè gbà á ò pọ̀ rárá.

Ọsibítù tí wọ́n kọ́kọ́ gbé e lọ ní àfi ká mú deposit wá. Òfin ìlera ti ọdún 2014 sọ pé wọn ò gbọdọ̀ kọ ẹni tọ́rọ̀ ẹ̀ jẹ́ pàjáwìrì, ìtanràn ₦100,000 tàbí ẹ̀wọ̀n oṣù 6 wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n ta ló fẹ́ máa ka òfin fún nọ́ọ̀sì nígbà tí ọmọ ìyá ẹ̀ ń ké? A dá owó jọ, a san.

Ẹnì kan tó wà níbẹ̀ ti fi fóònù ya nọ́ńbà mọ́tò yẹn. Mo tẹ *565*11# lórí fóònù, kóòdù tí wọ́n fi ń yẹ inṣọ́ránsì mọ́tò wò, mo fi nọ́ńbà mọ́tò náà sí i, ó sì sọ fún mi pé mọ́tò ọ̀hún ní inṣọ́ránsì tí kò tíì parí. Ẹ lè yẹ̀ ẹ́ wò lórí askniid.org náà. Ẹ má fojú di ibí yìí o, torí pépà ayédèrú pọ̀ nígboro, á máa dán gbinrin lójú, ṣùgbọ́n tẹ́ ẹ bá yẹ̀ ẹ́ wò báyìí ẹ ò ní bá a níbẹ̀.

Lẹ́yìn ìyẹn ló kan ọlọ́pàá. VIO, àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba tó ń rí sí bí mọ́tò ṣe dáa sí, yẹ mọ́tò wò, búrèkì ẹ̀, táyà ẹ̀, wọ́n kọ tiwọn, ọlọ́pàá náà kọ tiwọn. Ohun tẹ́ ẹ fẹ́ kó hàn kedere nínú police report ni ẹni tó jẹ̀bi, torí third party ò ní sanwó àyàfi tó bá jẹ́ pé mọ́tò tí wọ́n ra inṣọ́ránsì fún ló jẹ̀bi. Tiwa ò le, ẹni tó gba one-way ò ní àròyé kankan láti ṣe.

Wàhálà tó wà níbẹ̀ ni pé ẹni tó ni mọ́tò ló gbọ́dọ̀ lọ fi tó kọ́ńpìnnì ẹ̀ létí, kó sì bu ọwọ́ lu fọ́ọ̀mù, ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ọ̀rọ̀ báyìí ń kú sí. Bàbá tó wa mọ́tò yẹn, èèyàn jẹ́jẹ́ ni wọ́n, wọ́n wá kí wa lọ́sibítù, wọ́n ra ọsàn, wọ́n mú ₦50,000 dání. Wọ́n ní, "Ọmọ mi, jọ̀ọ́, jẹ́ ká parí ẹ̀ láàárín ara wa, má jẹ̀ẹ́ ká débi ọ́fíìsì." Mo ní, "Ẹ ṣé gan-an bàbá, Ọlọ́run á dá a padà sápò yín, ṣùgbọ́n bíìlì iṣẹ́ abẹ nìkan ti lé ní mílíọ̀nù kan. Kì í ṣe àpò yín la fẹ́ tọwọ́ bọ̀, àwọn tẹ́ ẹ ti sanwó fún ló máa san án." Wọ́n wò mí títí, wọ́n ní, "Ṣé third party máa ń sanwó ni?"

Ó ń sanwó o. Òfin ẹ̀ ti wà látayé òyìnbó, láti ọdún 1945. Láti January 2023 ni ti mọ́tò àdáni ti di ₦15,000 lọ́dún, ₦5,000 ló wà tẹ́lẹ̀. Tó bá jẹ́ nǹkan oní-nǹkan lẹ bà jẹ́, mọ́tò ẹlòmíì àbí géètì ẹlòmíì, wọn ò ní san kọjá mílíọ̀nù 3. Ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ èèyàn ló ṣèṣe tàbí tó kú, iye yẹn kọ́ ló dé e mọ́. Bàbá yìí tẹ̀ lé mi lọ sí kọ́ńpìnnì inṣọ́ránsì wọn lẹ́yìn tí mo ṣàlàyé, wọ́n kọ fọ́ọ̀mù wọn, wọ́n fi láísẹ́ǹsì wọn sí i.

Tiwa wá ni lẹ́tà, police report, ìwé dókítà, X-ray, àti rìsíìtì. Rìsíìtì gan-an ni iṣẹ́ wà. Ọsibítù tí ò bá ní oògùn á kọ ọ́ sórí pépà pélébé, wọ́n á ní kẹ́ ẹ lọ rà á ní kẹ́mísìtì òde, kẹ́mísìtì á fún yín ní rìsíìtì tí wọ́n kọ "drugs" sí, kò sórúkọ aláìsàn, kò sí sítáǹpù, iye owó nìkan ló wà níbẹ̀. Ti POS tún burú ju ìyẹn lọ, torí ohun tó wà lórí ẹ̀ máa ń parẹ́, ẹ fi í sápò sòkòtò lóòrùn Ìbàdàn, ẹ máa bá pépà funfun níbẹ̀. Fọ́tókọ́pì ni mo ń ṣe tiwa lọ́jọ́ tá a bá gbà á, mo sì ń lẹ pépà pélébé dókítà mọ́ rìsíìtì oògùn tó bá a mu. Àwọn ẹbí wa kan ní ká gbé e lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ń to eegun, mi ò bá wọn jiyàn pé wọn ò mọṣẹ́, àmọ́ rìsíìtì wo ni ẹni tó ń to eegun fẹ́ fún mi?

Nígbà tí kọ́ńpìnnì máa gbé iye wá, wọ́n ti yọ owó kẹ́mísìtì kúrò. Àǹtí tó ń rí sí fáìlì wa ní òun ò rí orúkọ aláìsàn lára àwọn rìsíìtì yẹn. Mo kó wọn padà lọ bá kẹ́mísìtì, wọ́n kọ orúkọ sí i, wọ́n lu sítáǹpù, kọ́ńpìnnì sì dá èyí tó pọ̀ jù nínú owó náà padà síbẹ̀.

Orí discharge voucher ni wọ́n kọ iye náà sí, DV ni wọ́n ń pè é. Pépà ojú kan ni, ṣùgbọ́n ẹ fara balẹ̀ ka ohun tó wà nísàlẹ̀ ẹ̀: tẹ́ ẹ bá ti fọwọ́ sí i, ẹ ò tún ní bèèrè kọ́bọ̀ mọ́ lórí ìjàǹbá yẹn, lọ́wọ́ wọn tàbí lọ́wọ́ ẹni tó wa mọ́tò. Irin sì ṣì wà nínú itan àbúrò mi, dókítà ní àwọn máa yọ ọ́ tó bá yá, iṣẹ́ abẹ mìíì nìyẹn, owó mìíì nìyẹn. Mo ní kó má fọwọ́ sí i. Mo lọ gba lẹ́tà lọ́wọ́ dókítà pé wọ́n máa yọ irin yẹn àti iye tó máa ná wa, mo mú un lọ fún àǹtí yẹn, ó kọ́kọ́ ní àwọn kì í san owó iṣẹ́ tí wọn ò tíì ṣe, mo ní tó bá rí bẹ́ẹ̀ a ó dúró dìgbà tí wọ́n bá ṣe é ká tó fọwọ́ sí nǹkankan. Wọ́n padà kọ DV tuntun, owó yíyọ irin wà nínú ẹ̀.

Èyí tá a ò rí gbà ni owó ṣọ́ọ̀bù ẹ̀. Télọ̀ ni, gbogbo ìgbà tó fi dùbúlẹ̀ kò rán aṣọ kankan, wọ́n ní ká mú statement akáǹtì wá, ẹni tó jẹ́ pé owó lọ́wọ́ làwọn oníbàárà ń kó fún un, ibo ló ti fẹ́ rí ìyẹn? Lọ́yà kan ní tá a bá fẹ́, a lè pe ẹjọ́ lórí ẹ̀, àbúrò mi ní òun ò lágbára kóòtù, ó fọwọ́ sí DV, orúkọ ẹ̀ ló wà lórí ẹ̀ torí náà akáǹtì tiẹ̀ ni wọ́n san án sí.