Ìdérí ìjókòó abẹ́ fèrèsé há nígbà òjò: ohun tó tú u

Bí òjò Àkúrẹ́ ṣe rinlẹ̀, ìdérí ìjókòó abẹ́ fèrèsé, tó wà láàárín àpótí ìwé méjì tí wọ́n kàn mọ́ ògiri, kọ̀, kò ṣí mọ́. Àwọn ìwé ìsàlẹ̀ náà ń hu èbu funfun.

Fífi àbẹ́là ra etí rẹ̀ kò ràn án. Fífi ìfági fá a ràn án díẹ̀, òjò ńlá tún dé, ó tún há. (Ẹ má fá a jù o, tí ọyẹ́ bá dé, pákó á sún kì, àlàfo á sì là gbayawu.)

Abẹ́ ìdérí ni ọ̀rọ̀ wà. Òkè nìkan ni wọ́n kùn ní fáníìṣì. Abẹ́ àti etí wà lásán, wọ́n ń fa ọ̀rinrin. Pákó kì í fi bẹ́ẹ̀ gùn sí i, fífẹ̀ ló máa ń fẹ̀.

Ẹ tú híńjì, ẹ gbé ìdérí síbi tí atẹ́gùn ti ń fẹ́ títí yóò fi gbẹ. Ẹ má sá a sóòrùn, á ká. Ẹ fá ẹ̀gbẹ́ tó ń fẹ̀ kí àlàfo mìlímítà 3 wà. Ẹ kun ojú mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ní fáníìṣì lẹ́ẹ̀mejì, kí ẹ fi sáńpépà nọ́ńbà 240 ha á fẹ́ẹ́rẹ́ láàárín. Lẹ́yìn náà, ẹ fi pákó tẹ́ẹ́rẹ́ ya àpótí ìjókòó náà kúrò lára ògiri ní sẹ̀ǹtímítà 2, ẹ lu ihò mìlímítà 25 mẹ́rin síwájú, mẹ́rin sẹ́yìn, kí atẹ́gùn lè gba inú rẹ̀ kọjá.

Bí omi bá ń gba etí fèrèsé wọlé, èyí nìkan kò ní tó. Ẹ kọ́kọ́ dí ibẹ̀. Ọ̀gànwó sì ni ìdérí yìí. Plywood ní tirẹ̀, etí rẹ̀ ló máa ń là.