Jẹnẹrétọ̀ àbí sólà: ìṣirò tí mo ṣe fún ṣọ́ọ̀bù télọ̀ kan n'Ìbàdàn

Ilé iṣẹ́ kan tó ń rí sí ọ̀rọ̀ iná àti àyíká ló ní kí àwa tá à ń wáṣẹ́ ṣe ìwádìí kékeré kan wá, ohun tó bá wù wá, kó ṣáà ti ní ìṣirò nínú. Ètò ọrọ̀ ajé ni mo kà, mi ò sì tíì pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́. Ìbéèrè tí mo mú ni pé: ṣé èrè wà níbẹ̀ kí télọ̀ pa "I pass my neighbour" tì, kó ra sólà?

Owó epo ni mo kọ́kọ́ wá. NBS, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń kó ìṣirò jọ, máa ń gbé iye tí wọ́n ń ta bẹntiróòlù ní ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan jáde lóṣooṣù, ọ̀fẹ́ sì ni. Mo kó o sínú R, ètò kọ̀ǹpútà tí a fi ń ṣe ìṣirò, mo ń so oṣù kan mọ́ èkejì. Iṣẹ́ tó ń súni nìyẹn: fáìlì kan á kọ Abuja, òmíràn á kọ FCT, R ò sì mọ̀ pé ibì kan náà ni. Nígbà tó tò tán, ₦238.11 ni lítà kan káàkiri orílẹ̀-èdè, tí a bá pín in dọ́gba, lóṣù karùn-ún 2023. Ní ọjọ́ 29 oṣù náà ni Ààrẹ Tinubu kéde pé owó ìrànwọ́ orí epo ti lọ. Lóṣù kẹfà, ó ti di ₦545.83.

Iye epo tí ṣọ́ọ̀bù ń jó ò sí nínú fáìlì kankan. Mo lọ bá ìyá kan tó ń ránṣọ ní Mọ́kọ́lá.

"Ẹ kú iṣẹ́ o, mà. Ẹ jọ̀ọ́, lítà mélòó lẹ̀ ń rà lóòjọ́?"

"Ọmọ mi, ta ló ń ka lítà? Kẹ́ẹ̀gì ni mo ń gbé fọ́mọọṣẹ́."

A wo kẹ́ẹ̀gì náà pọ̀: bíi lítà 3 lóòjọ́, ọjọ́ 26 lóṣù. Lítà 936 lọ́dún nìyẹn. Lítà bẹntiróòlù kan tá a bá jó ń tú nǹkan bíi kílógíráàmù 2.3 CO2 (afẹ́fẹ́ tó ń mú ayé gbóná) sáfẹ́fẹ́, nítorí náà ṣọ́ọ̀bù kékeré yìí nìkan ń tú ju tọ́ọ̀nù méjì lọ lọ́dún. Áyọ́ọ̀nù eléèédú ò sí nínú ìyẹn o. Jẹnẹrétọ̀ kékeré ò lè gbé áyọ́ọ̀nù oníná, sólà kékeré náà ò lè gbé e. Ẹni tó bá sọ pé sólà ti fọ ṣọ́ọ̀bù yẹn mọ́ pátápátá, kó wá wo èédú tó wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn.

Ẹni tó ń ta sólà sọ fún mi pé ₦600,000 ni èyí tó máa gbé máṣíìnì, fáànù àti gílóòbù. Mo ní kó lo ọdún 5, nítorí bátìrì. Ibi tí iṣẹ́ wà gan-an nìyí, torí owó tí ìyá máa rí fi pamọ́ lọ́dún kẹta kì í ṣe ẹgbẹ́ owó òní. Iye èlé wo ni ká fi dín in kù? Ìwé tí a kà ní yunifásítì fẹ́ràn ìdá 10 nínú ọgọ́rùn-ún. Ìdá 18.5 ni CBN, báǹkì àpapọ̀ ilẹ̀ wa, fi ṣe ìpìlẹ̀ èlé lóṣù karùn-ún 2023, kò sì sí báǹkì tó máa yá télọ̀ lówó ní iye yẹn. Mo mú ìdá 30.

Pẹ̀lú owó epo àtijọ́, ìdá 10 sọ pé gbogbo epo tí ìyá ò ní rà mọ́ láàárín ọdún 5 tó ₦845,000 lónìí, kó tètè ra sólà. Ìdá 30 sọ pé ₦543,000 péré ni, kó máa lo jẹnẹrétọ̀ ẹ̀ lọ. Pẹ̀lú owó epo tuntun, ìdá 30 yẹn náà gbé e dé nǹkan bíi ₦1,244,000, àríyànjiyàn sì parí. (₦600,000 kan náà ni mo lò fún méjèèjì, kí n lè rí iṣẹ́ ọwọ́ epo nìkan. Pánẹ́ẹ̀lì òkè òkun ni, náírà sì já lóṣù kẹfà yẹn kan náà.)

Ṣùgbọ́n ìyá ò rà á. ₦1,637 tó ń lọ sórí epo lóòjọ́ ń jáde látinú owó oníbàárà tó wọlé láàárọ̀. ₦600,000 ò sí níbì kankan. Àjọ ńkọ́? Owó ṣọ́ọ̀bù àti owó ilé ìwé ti ń dúró dè é kó tó kó o.

Nítorí náà mo ṣe ìṣirò kan sí i: ká ní ẹni tó ń ta sólà máa gba owó epo yẹn gan-an lọ́wọ́ rẹ̀, pẹ̀lú èlé ìdá 2.5 lóṣù. Láàárín oṣù 18, ó ti san án tán. Lábẹ́ owó epo àtijọ́, ó máa ju ọdún 5 lọ, bátìrì á sì ti kú kó tó parí gbèsè.

Orí oṣù 18 yẹn ni àwọn tó fọ̀rọ̀ wá mi lẹ́nu wò pẹ́ sí jù. Wọ́n ní kí ni ká ṣe nínú oṣù tí kò bá síṣẹ́. Mo ní kí wọ́n má gba iye kan náà lóṣooṣù: kó pọ̀ nígbà Iléyá àti Kérésì táṣọ ń rọ́ wọlé, kó sì kéré lóṣù kìíní.