Èló Là Ń San Lórí Fóònù Lọ́dún? Ìtọ́sọ́nà fún Àgbẹ̀ àti Ìdílé

Ẹni tó ń fi ife ra gàrí lójoojúmọ́ mọ̀ pé tí oṣù bá fi máa parí, owó òun á ti ju ti ẹni tó ra àpò lọ. Bẹ́ẹ̀ náà ni dátà, àmọ́ dátà kò ní kóńgò tí a lè fojú wọ̀n. Ní oṣù Kìíní ọdún 2025, àjọ NCC, tó ń bójú tó àwọn ilé-iṣẹ́ fóònù ní Nàìjíríà, fàyè gbà wọ́n láti fi owó kún owó ìpè àti dátà, ó sì lè tó ìdá 50 nínú 100. Láti ìgbà náà, owó fóònù ti di ohun tó yẹ kí ìdílé jókòó ṣírò, bí wọ́n ṣe ń ṣírò owó ajílẹ̀.

Ìbéèrè tí wọ́n sábà máa ń bi wá lóko ni pé nínú MTN, Airtel, Glo àti 9mobile tó ti di T2 báyìí, èwo ni kò wọ́n? Iye tí wọ́n ń pè lónìí lè yí padà lóṣù tó ń bọ̀. Ìṣirò tí ẹ bá ṣe fúnra yín, fún oṣù méjìlá gbáko, ló lè dáhùn rẹ̀.

Ẹ kọ́kọ́ wo oko

Nẹ́tíwọ́ọ̀kì tó ń já geere n'Íbàdàn lè má dé abà yín rárá. Ẹ ní kí àwọn tí ẹ jọ ń lọ sóko fi síìmù tiwọn pè níbi tí ẹ ti ń ṣiṣẹ́ gan-an: lábẹ́ igi kòkó, nídìí ẹ̀rọ tí ẹ fi ń lọ ẹ̀gẹ́, àti nínú yàrá lálẹ́. Níbi tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì kò ti lágbára, bátìrì kì í pẹ́ tán, torí fóònù á máa wá a kiri láìsinmi. Tó bá jẹ́ pé ṣọ́ọ̀bù lẹ ti ń sanwó gba iná sí fóònù, owó yẹn náà wà lára owó síìmù yín.

Ìwé ọ̀sẹ̀ mẹ́rin

Ẹ fi okùn so báírò mọ́ ìwé kékeré kan. Gbogbo ìgbà tí ẹ bá ti ra káàdì tàbí dátà, ẹ kọ ọjọ́ àti iye rẹ̀ sílẹ̀. Màmá kan tó ń dín gàrí ṣe é, ó sì gbé ìwé náà wá bá mi. Èérú ti bo etí rẹ̀, àmọ́ ìṣirò inú rẹ̀ mọ́ kedere. Ẹ̀ẹ̀mẹjọ ni màmá yá káàdì ₦500 láàárín oṣù náà, ₦425 ló sì ń wọlé lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, torí wọ́n ń yọ ìdá 15 nínú 100. ₦600 ló fò lọ lóṣù kan, ₦7,200 lọ́dún, láìtíì pe ẹnì kankan. Ó tún rí ₦50 tó ń lọ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ fún iṣẹ́ orí fóònù kan tí kò rántí pé òun gbà. Ìyẹn jẹ́ ₦2,600 lọ́dún.

Ẹ tẹ *310# láti wo owó ìpè tó kù, *323# láti wo dátà, àti *305# láti dá iṣẹ́ tí ẹ kò fẹ́ dúró. Gbogbo nẹ́tíwọ́ọ̀kì ló ń lo nọ́ńbà wọ̀nyí.

Ọlọ́jọ́ kan àbí olóṣù?

Ká fi ṣe àpẹẹrẹ pé ₦200 ni dátà 250MB ọlọ́jọ́ kan, tí 7GB olóṣù sì jẹ́ ₦3,500. Ẹni tó ń ra ₦200 lójoojúmọ́ á ná ₦73,000 lọ́dún. Ẹni tó ń ra olóṣù á ná ₦42,000, dátà wọn sì fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba, torí 250MB lójoojúmọ́ fún ọgbọ̀n ọjọ́ jẹ́ 7.5GB. ₦31,000 tó wà láàárín wọn lè san owó lébìrà.

Àmọ́ ẹ má tíì sáré ra olóṣù. Tó bá jẹ́ ọjọ́ ọjà nìkan lẹ ń lo dátà, láti mọ iye tí ọjà ń lọ lórí WhatsApp, bí ẹ̀ẹ̀mẹjọ lóṣù, ₦1,600 ló máa tó yín. Ọjọ́ olóṣù á kàn pé sọ́wọ́ yín láìlò ó tán ni. Iye GB tí ẹ lò gan-an ni kí ẹ fi pín owó yín, ẹ má fi iye tí wọ́n kọ sára ìpolówó pín in. Ẹ tún pa fídíò tó ń wọlé fúnra rẹ̀ lórí WhatsApp, òun ló ń jẹ dátà jù nínú fóònù àwọn àgbẹ̀ tí mo ti yẹ̀ wò.

Ti ìpè náà ní ọgbọ́n tirẹ̀. Àwọn ètò kan ń gba owó gọbọi ní ìṣẹ́jú àkọ́kọ́ lójúmọ́, kó tó wálẹ̀. Ẹni tó ń pe oníbàárà lẹ́ẹ̀kan lóòjọ́ kò gbọ́dọ̀ wà lórí irú ètò bẹ́ẹ̀.

Tí ẹ bá fẹ́ kúrò

Láti ọdún 2013 la ti lè gbé nọ́ńbà wa lọ sí nẹ́tíwọ́ọ̀kì mìíràn ní Nàìjíríà, kí oníbàárà àti báńkì sì máa fi nọ́ńbà kan náà rí wa. Ọ́fíìsì nẹ́tíwọ́ọ̀kì tí ẹ ń lọ lẹ máa lọ, kì í ṣe ti èyí tí ẹ ń fi sílẹ̀. Tí wọ́n bá yọ yín lówó láìtọ́, tí ilé-iṣẹ́ kò sì dá yín lóhùn, ẹ pe NCC lórí 622. Kí ẹ tó gbéra, ẹ san káàdì tí ẹ yá, kí ẹ sì lo owó ìpè àti dátà tó kù tán, torí wọn kì í bá nọ́ńbà kọjá.