Gàárì Tó Bá Ẹ̀yìn Ẹṣin Mu: Ìtọ́sọ́nà fún Ẹni Tó Fẹ́ Bẹ̀rẹ̀ Dressage àti Eventing Láìná Owó Gọbọi

Ìwé kékeré yìí wà fún àwọn ìdílé wa ní Bírítéènì tí wọ́n ti ra ẹṣin, tí wọ́n háyà àyè fún un lóko àgbẹ̀, tí ọmọ wọn tàbí àwọn fúnra wọn sì fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ìdíje kéékèèké. Ẹni tó bá dàgbà sí Ìjẹ̀bú-Òde á rántí bí ẹṣin àwọn ìdílé Balógun ṣe máa ń dán lọ́jọ́ Ojúde Ọba. Ojú ẹwà la fi ń wo gàárì ọjọ́ yẹn. Gàárì tí ẹ ń wá báyìí yàtọ̀: ọjọ́ mẹ́rin sí márùn-ún lọ́sẹ̀ ni yóò máa wà lẹ́yìn ẹṣin, bí kò bá sì bá ẹ̀yìn náà mu, ara ẹṣin ni yóò máa san gbèsè owó tí ẹ rò pé ẹ fi pamọ́.

Nítorí náà, ẹ ná owó yín sórí ìbámu. Orúkọ ilé iṣẹ́, dídán awọ, àti irú gàárì tí àwọn ọ̀gá ń jókòó sí lórí tẹlifíṣọ̀n, gbogbo ìyẹn lè dúró ná.

Ṣé gàárì méjì ni ẹ nílò?

Ọ̀nà mẹ́ta ni ìdíje eventing pín sí: dressage, níbi tí ẹṣin ti ń fi ìgbésẹ̀ àti ìgbọràn hàn létòlétò, fífo odi nínú pápá gbalasa, àti fífo odi aláràbarà nínú ọgbà. Etí gàárì dressage gùn, ó sọ̀ kalẹ̀ tààrà, ibi ìjókòó rẹ̀ sì jin, kí ẹsẹ̀ ẹni lè gùn wálẹ̀. Etí gàárì fífò tẹ̀ síwájú, kí orúnkún lè rí ibi sinmi nígbà tí a bá ti dín gígùn okùn irin ẹsẹ̀, ìyẹn irin tí à ń ki ẹsẹ̀ bọ̀, kù. Ẹni tó bá wo méjèèjì á rò pé dandan ni kí òun ra wọn pọ̀.

Kì í ṣe dandan. Ní BE80 àti BE90, ìpele kéékèèké ti ẹgbẹ́ British Eventing, níbi tí odi pápá gbalasa kò ga ju 80 sẹ̀ǹtímítà àti 90 sẹ̀ǹtímítà lọ, àti ní ìpele Intro, Prelim àti Novice ti ẹgbẹ́ British Dressage, kò sí òfin tó ní kí ẹ gbé gàárì dressage wá. Gàárì gbogboògbò, tí wọ́n ń pè ní GP, tó. Èyí tí wọ́n bá kọ VSD sí lára fara mọ́ dressage díẹ̀ sí i. Bí ó bá jẹ́ pé dressage nìkan ni ẹ fẹ́, VSD dára. Àmọ́ bí ẹ bá máa fo odi rárá, tí owó kò sì ju ti ẹyọ kan lọ, èyí tí etí rẹ̀ tẹ̀ síwájú ni kí ẹ rà. Ẹni tó bá fi gàárì fífò ṣe dressage, ìrísí rẹ̀ nìkan ló lè dín díẹ̀. Ẹni tó bá fi gàárì ìjókòó jíjin fo odi, gàárì náà lè tì í síwájú nígbà tí ẹṣin bá gbéra, ìyẹn sì léwu fún ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́.

Ẹ̀yìn ẹṣin ni kí ẹ kọ́kọ́ kà

Kí ẹ tó wo gàárì kankan, ẹ ya àwòrán ẹ̀yìn ẹṣin yín. Ẹ mú un dúró lórí ilẹ̀ tó tẹ́jú, kí orí rẹ̀ dúró gbọọrọ. Ẹ ra rúlà tó ń tẹ̀, irú èyí tí àwọn ayàwòrán ilé ń lò, kò wọ́n. Ẹ fi ọwọ́ wá ibi tí eegun èjìká rẹ̀ parí sí lẹ́yìn, ẹ fi ìka méjì wọn ẹ̀yìn ibẹ̀, kí ẹ tẹ rúlà náà mọ́ gegele òkè èjìká títí yóò fi lẹ̀ mọ́ ara lápá méjèèjì. Ẹ rọra gbé e kúrò, kí ẹ fi pẹ́ńsùlù tọ ipa rẹ̀ sórí páálí. Ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ ní àárín ẹ̀yìn, kí ẹ sì tún ṣe é níbi tí eegun ìhà ìkẹyìn ti kan ọ̀pá ẹ̀yìn. Ẹ kọ ọjọ́ sára páálí kọ̀ọ̀kan.

Eegun ìhà ìkẹyìn yẹn ni ààlà. Ẹṣin sábà máa ń ní eegun ìhà 18 ní apá kọ̀ọ̀kan, ibi tí ìkejìdínlógún bá sì ti kan ọ̀pá ẹ̀yìn ni gàárì kò gbọdọ̀ kọjá, torí kò sí ìhà mọ́ lẹ́yìn ibẹ̀ tó lè ti ẹrù lẹ́yìn. Ibí ni ọ̀rọ̀ ti máa ń le fún àgbàlagbà tó ń gun cob, irú ẹṣin kan tó kúrú tó sì ki. Òun fẹ́ ìjókòó íǹṣì 17.5 tàbí 18, ẹ̀yìn ẹṣin sì lè má gbà ju 17 lọ. Tí ọ̀rọ̀ bá rí báyìí, ẹṣin ni kí ẹ gbọ́ tirẹ̀. Àwọn gàárì kan wà tí tìmùtìmù abẹ́ wọn kúrú ju ìjókòó òkè lọ, ẹ béèrè wọn.

Bí ẹ bá gbé gàárì dé orí ẹṣin

Ẹ má tẹ́ aṣọ kankan sábẹ́ rẹ̀. Ẹ gbé e síwájú díẹ̀, kí ẹ rọra fà á sẹ́yìn títí yóò fi jókòó fúnra rẹ̀ lẹ́yìn eegun èjìká. Iwájú gàárì gbọ́dọ̀ fi àyè ìka méjì sí mẹ́ta sílẹ̀ lókè gegele èjìká àti lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kí àyè náà má sì tán nígbà tí ènìyàn bá ti jókòó. Ẹ bẹ̀rẹ̀ wo abẹ́ rẹ̀ láti ẹ̀yìn: ọ̀nà tó là á láàárín gbọ́dọ̀ fẹ̀ tó ìka mẹ́ta sí mẹ́rin láti iwájú dé ẹ̀yìn, kí ohunkóhun má kan ọ̀pá ẹ̀yìn.

Ẹ wá ki àtẹ́lẹwọ́ bọ abẹ́ tìmùtìmù, kí ẹ fà á láti iwájú lọ sẹ́yìn. Bí ọwọ́ bá há níwájú, tó há lẹ́yìn, tó wá ń rìn fàlàlà láàárín, gàárì náà dúró bí afárá ni, ojú ibi mẹ́rin péré ló sì ń gbé gbogbo ẹni tó gùn ún. Bí ó bá ń mì síwá sẹ́yìn bí àga onígbọ̀ngbọ̀n, ó tẹ̀ ju ẹ̀yìn ẹṣin lọ. Ojú ibi tó rẹlẹ̀ jù nínú ìjókòó gbọ́dọ̀ wà láàárín. Bí ó bá sún sẹ́yìn, ó ṣeé ṣe kí iwájú ti fún jù.

Lẹ́yìn ìyẹn, kí ẹni tó máa gùn ún jókòó, kí ó rìn, kí ó sáré díẹ̀, kí ó fo odi kékeré kan. Àyè tó tó àtẹ́lẹwọ́ kan ló yẹ kó kù lẹ́yìn ìdí rẹ̀. Nígbà tí ẹ bá tú gàárì, ẹ wo òógùn. Ibi tó gbẹ láàárín ibi tó tutù lè jẹ́ ibi tí gàárì ń tẹ̀ jù.

Mo fẹ́ kí ẹ gba ọ̀rọ̀ òógùn yìí gbọ́, torí mo ti fojú tẹ́ńbẹ́lú rẹ̀ rí. Mo ra gàárì kan nínú fọ́tò, wọ́n kọ «medium», ìyẹn ìbú àárín, sí i, ẹṣin mi náà sì ń wọ «medium» tẹ́lẹ̀. N kò mọ̀ pé «medium» ilé iṣẹ́ kan kì í ṣe ti èkejì. Ẹṣin náà bẹ̀rẹ̀ sí í yíjú padà bù mí jẹ nígbàkígbà tí mo bá fẹ́ fún ọ̀já ikùn rẹ̀. Mo ní ó ya aláìgbọràn. Nígbà tó yá, irun funfun hù lápá méjèèjì gegele èjìká rẹ̀, irun náà kò sì dúdú padà. Ó ń dùn mí títí dòní.

Owó, àti ibi tó yẹ kó lọ

Ẹ kọ́kọ́ yọ owó ẹni tó ń wọn gàárì sọ́tọ̀. Ẹgbẹ́ Society of Master Saddlers, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1966, ní orúkọ àwọn tó yege nínú iṣẹ́ yìí káàkiri orílẹ̀-èdè náà. Ọ̀pọ̀ nínú wọn máa ń gbé gàárì àlòkù wá pẹ̀lú ọkọ̀ wọn. Ẹ fi àwòrán páálí yín ránṣẹ́ sí wọn kí wọ́n tó wá, kí wọ́n lè mọ èyí tí wọ́n máa kó.

Gàárì awọ àtọwọ́dá kò fi bẹ́ẹ̀ wúwo, omi ni wọ́n fi ń fọ̀ ọ́, owó rẹ̀ sì rẹlẹ̀ sí ti ojúlówó awọ. Ilé iṣẹ́ Wintec, àti Thorowgood tó wà ní Walsall, ìlú àwọn aṣegàárì, ní èyí tí ẹ lè pààrọ̀ irin iwájú rẹ̀ kí ó fẹ̀ tàbí kí ó fún. Ó wúlò púpọ̀ fún ẹṣin tó ṣì ń dàgbà. Ṣùgbọ́n iwájú nìkan ni irin yẹn ń yí padà. Kò lè sọ gàárì tó tẹ̀ di pẹrẹsẹ, nítorí náà ẹ̀yìn cob tó tẹ́ bí tábìlì àti ẹ̀yìn Thoroughbred, irú ẹṣin eré sísá, tí gegele rẹ̀ ga kò lè pín gàárì kan náà lò.

Bí ẹ bá fẹ́ ra àlòkù lọ́wọ́ ẹlòmíràn, ẹ yẹ egungun inú rẹ̀ wò. Ẹ di apá méjèèjì iwájú rẹ̀ mú, ẹ fà á, ẹ tì í: kò gbọdọ̀ mì, kò sì gbọdọ̀ ké. Ẹ fi ìdí gàárì ti itan, kí ẹ fa iwájú rẹ̀ sọ́dọ̀ ara yín. Ó lè rọ̀ díẹ̀. Bí ó bá ká bí ẹní, tí awọ ìjókòó sì hun jọ, ó ti kán nìyẹn, ẹ fi sílẹ̀ bí wọ́n tilẹ̀ fi ta yín lọ́rẹ. Awọ tí ọ̀já ikùn ń kọ́ ṣeé pààrọ̀ bí ó bá ti sán. Ẹ tún rí i pé okùn irin ẹsẹ̀ lè yọ́ jáde bí ènìyàn bá ṣubú, kí irin ẹsẹ̀ sì fi nǹkan bí 2.5 sẹ̀ǹtímítà fẹ̀ ju bàtà lọ.

Ẹ má fi aṣọ nínípọn wo gàárì tó fún sàn. Bàtà tó há ni, ìbọ̀sẹ̀ méjì kò lè mú un fẹ̀.

Bí gàárì bá sì ń yọ̀ sí apá kan ṣoṣo nígbà gbogbo, ẹ pe dókítà ẹranko kí ẹ tó ra òmíràn. Ní 2013, Line Greve àti Sue Dyson tẹ ìwádìí jáde tó fi hàn pé ẹṣin tó ń tiro lẹ́sẹ̀ ẹ̀yìn, kódà tí ojú kò tètè rí i, lè máa ti gàárì sí ẹ̀gbẹ́ kan.

Lẹ́yìn tí ẹ bá ti rà á

Irun àgùntàn tó wà nínú tìmùtìmù máa ń wọlẹ̀. Bí ó bá jẹ́ tuntun, ẹ pe oníṣẹ́ padà láàárín oṣù mẹ́ta, lẹ́yìn náà lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún. Ẹṣin máa ń sanra nígbà tí koríko bá hù ní oṣù kẹrin àti ìkarùn-ún, ó sì lè rù nígbà òtútù. Ẹ tún àwòrán páálí yà ní àkókò méjèèjì yìí, kí ẹ gbé tuntun lé ti àtijọ́. Bí ìlà méjèèjì bá ti fi ìbú ìka kan jìnnà síra, ẹ má di ẹṣin náà ní gàárì mọ́ títí oníṣẹ́ yóò fi dé.