Bí Mo Ṣe Sé Ìjẹ̀bú Mọ́lé Nínú Fíìmù

Ohun tó ṣẹlẹ̀ nínú fíìmù àjálù tí mo fi fóònù yà kò le: ilẹ̀ mọ́ lọ́jọ́ kan, kò sí ẹni tó lè jáde ní Ìjẹ̀bú mọ́, kò sì sí ẹni tó lè wọlé. Mi ò wá ààlà kiri. Erédò Súngbọ́ ti wà nílẹ̀ láti ọ̀pọ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún: yàrà àti odi ilẹ̀ pupa tó yí ilẹ̀ Ìjẹ̀bú ká ní nǹkan bíi kìlómítà 160, tó sì ga tó mítà 20 níbòmíràn. Mo kàn ní kí ohun tí ojú kò rí dìde láti inú yàrà náà.

Gíláàsì fèrèsé ni mo fi ya ohun àìrí yẹn. Mo gbé e sáàárín fóònù àti òṣèré, mo ní kó fi àtẹ́lẹwọ́ tì í. Bí ọwọ́ bá ti tẹ́ pẹrẹsẹ, odi dé nìyẹn. Àmọ́ gíláàsì máa ń gbé òjìji ẹni tó ń ya fíìmù, torí náà mo ta aṣọ dúdú sẹ́yìn mi, èmi náà sì wọ dúdú. Ìgbà ọyẹ́ ni, kùrukùru òwúrọ̀ ò gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ mi.

Ibi tí mo ti pẹ́ jù ni ohun tó máa kọ́kọ́ tán nílùú. Mo lọ bi àwọn ìyá ọlọ́jà ní Òkè-Ajé. Ọ̀kan ní, “Ọmọ mi, tí ọ̀nà bá dí, ẹ máa sunkún àlùbọ́sà kí ẹ tó gé e.” Òótọ́ ni, Òkè Ọya ló ti ń wá, òun àti màálù. Mo jí ọ̀rọ̀ yẹn sínú fíìmù. Lẹ́yìn àlùbọ́sà ni bẹntiróòlù tán, lẹ́yìn náà ni nẹ́tíwọ́ọ̀kì lọ, torí dísù ni òpó rẹ̀ ń mu. Ewùrà wà, gàárì wà rẹpẹtẹ, ṣùgbọ́n jẹnẹrétọ̀ tó ń fa omi kànga ti kú. Omi tí a ó fi mu gàárì ni kò sí!

Bàbá kan nínú fíìmù gbà pé Awùjalẹ̀ ló tún ti ọ̀nà. Ìjẹ̀bú ti ṣe é rí. Ọ̀rọ̀ ọ̀nà títì yẹn wà lára ohun tó gbé ogun Gẹ̀ẹ́sì dé Ìmagbọ̀n ní 1892.

Àwọn tó wò ó ń bi mí ẹni tó kọ́ odi àìrí náà. Mo ti gé ibi tó ṣàlàyé rẹ̀ dànù. Kò dùn tó ibi tí aládùúgbò méjì ti ń fi agolo mílíìkì wọn omi fúnra wọn, tí wọ́n ń jà lórí bóyá ó kún.