Èènì tó ń jẹ ojúlówó ọjà: àwọn àṣìṣe tí ẹ ń ṣe lórí bónọ́ọ̀sì kásínò

Ọdún kọkànlá rè é tí mo ti ń ka àdéhùn bónọ́ọ̀sì àwọn kásínò orí íntánẹ́ẹ̀tì láti òkè délẹ̀, ìyà ló sì kọ́ mi ní ìwé kíkà ọ̀hún. Àwọn tó dé lánàá ló wá ń bí mi nínú. Wọ́n á rí "100%", ìyẹn bónọ́ọ̀sì tó bá owó téèyàn fi sílẹ̀ dọ́gba, tó ń tàn yanran lójú fóònù, wọ́n á kó owó sí i, ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn náà wọ́n á pè mí: "Ẹ̀gbọ́n, wọn ò jẹ́ kí n gba owó mi jáde o." Màá bi wọ́n pé ṣé wọ́n ka àdéhùn. Kẹ́kẹ́ á pa mọ́ wọn lẹ́nu.

Mi ò fẹ́ kọ́ ẹnikẹ́ni ní tẹ́tẹ́ títa níbí. Ẹni tí kò bá tíì mọ̀ ọ́n ta, kó má wulẹ̀ kọ́ ọ. Àwọn tó ti wọ inú rẹ̀ ni mo ń bá wí.

1. Ẹ ń wo ìdá ọgọ́rùn-ún, ẹ ò wo ìlọ́po

Bí ẹni tó ta ọjà fún yín bá bu èènì lé e, ẹ ó gbé ọjà àtèènì lọ sílé. Èènì kásínò ò rí bẹ́ẹ̀. Ẹ ò lè gbé e kúrò níwájú olùtajà, àfi tí ẹ bá ti ta tẹ́tẹ́ tó pé iye kan. Iye yẹn ló wà nínú 35x kékeré tí wọ́n kọ sísàlẹ̀ bí ẹsẹ̀ èèrà. Bí bónọ́ọ̀sì bá jẹ́ 100, ẹ gbọ́dọ̀ ta tẹ́tẹ́ tí àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 3,500 kó tó di owó yín.

Ó dáa. Ìlọ́po 35 ti kí ni? Ibí gan-an ni ẹ̀jẹ̀ mi ti ń ru. Kásínò méjì á kọ 35x. Ọ̀kan ní bónọ́ọ̀sì nìkan ni òun ń lọ́po. Èkejì ní bónọ́ọ̀sì àti owó tí ẹ fi sílẹ̀. Ẹ fi 100 sílẹ̀, ẹ gba 100: ti àkọ́kọ́ jẹ́ 3,500, ti èkejì jẹ́ 7,000. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo, "àti", ló sọ ẹrù di ìlọ́po méjì lórí yín, ẹ sì fi ìka ré e kọjá.

Kò tíì tán. Kì í ṣe gbogbo eré ni wọ́n ń kà bákan náà. Sílọ́ọ̀tì, eré tí àwòrán ń yí lójú ẹ̀rọ, sábà máa ń wọlé ní 100%. Blackjack, ìyẹn eré káàdì, àti rùlẹ́ẹ̀tì, ìyẹn àgbá tó ń yí lórí nọ́ńbà pupa àti dúdú, lè jẹ́ 10%, ibòmíràn kì í tilẹ̀ kà wọ́n rárá. Àbúrò kan tí mo fẹ́ràn gan-an fi ọjọ́ mẹ́rin ta blackjack lórí bónọ́ọ̀sì 35x, tẹ́tẹ́ tó ta ti tó 1,200, ó wá pè mí pé ilà aláwọ̀ ewé tó ń fi ibi téèyàn dé hàn kò kúrò lójú kan, pé ó jọ pé ẹ̀rọ wọn bàjẹ́. Ẹ̀rọ ò bàjẹ́. Nínú 1,200, 120 ni wọ́n kà fún un, ìyẹn ò sì tó 4% nínú 3,500. Kó tó lè fi blackjack nìkan dé òpin, 35,000 ni yóò ta.

Ẹ wá jẹ́ ká ṣírò ohun tí ilé ń mú. Sílọ́ọ̀tì tó ń dá 96% padà ń mú 4 nínú gbogbo 100 tí ẹ bá ta, bó pẹ́ bó yá. Ẹ mú 4% nínú 3,500: 140 ni. Èyí já sí pé, bí ẹ bá rìn ín dópin, 140 ni ẹ ó san, ní ìpíndọ́gba, láti gba 100. Bó bá jẹ́ ti 7,000, 280 ni. Ta ló wá ń fún ta ni lẹ́bùn? Lóòótọ́, orí á ṣe àwọn kan lóore, wọ́n á sì jèrè. Àwọn yẹn ni ẹ ń gbọ́ ohùn wọn. Àwọn tí owó wọn tán ní ìdajì ọ̀nà kì í pariwo.

Ẹ tún ṣí ojú ìwé àlàyé inú eré náà fúnra rẹ̀. Ẹ̀dà sílọ́ọ̀tì kan náà lè wà ní 96% ní kásínò kan, kó wà ní 94% ní òmíràn. Àwòrán kan náà, orin kan náà, àmọ́ 140 ti di 210.

2. Iye tó ga jù tí ẹ lè fi tẹ ẹ̀ẹ̀kan

Ẹ fi mí rẹ́rìn-ín díẹ̀. Bónọ́ọ̀sì kan wà tó ní mi ò gbọ́dọ̀ ta ju 5 lọ lẹ́ẹ̀kan. Mo kà á, mo mọ̀ ọ́n, mo tilẹ̀ ti fi kìlọ̀ fún ẹlòmíràn. Aago méjì òru lu, mo ti yí 3,300 nínú 3,500, owó inú àkáùntì jẹ́ 418, oorun ń kùn mí, inú sì ń bí mi sí sílọ́ọ̀tì tó ń gbé mi lọ tó ń gbé mi bọ̀. Mo tẹ 6. Ẹ̀ẹ̀kan péré. Ẹ̀rọ ò dá mi dúró, ìkìlọ̀ kankan ò yọ lójú fóònù, 6 náà sì wọgbó! Mo parí èyí tó kù, mo ní kí wọ́n san owó mi. Lọ́jọ́ kejì, lẹ́tà dé: mo ti rú àdéhùn. Wọ́n dá 100 tí mo fi sílẹ̀ padà, wọ́n sì gbẹ́sẹ̀ lé 300 àti díẹ̀ tó kù. Àwọn àgbà ní ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ. Mo rò pé òwe lásán ni.

Ẹ ṣọ́ra fún bọ́tìnnì tí wọ́n fi ń ra eré pàtàkì inú sílọ́ọ̀tì náà. Ó lè jẹ́ ìlọ́po 100 iye tí ẹ ń ta, wọ́n sì lè kà á sí tẹ́tẹ́ ẹ̀ẹ̀kan.

3. Bónọ́ọ̀sì tó lẹ̀ mọ́ owó yín

Oríṣi kan wà tó jẹ́ pé owó yín ló ń kọ́kọ́ lọ. Bí ẹ bá fi jèrè kí ẹ tó fọwọ́ kan bónọ́ọ̀sì, ẹ lè ju bónọ́ọ̀sì nù, kí ẹ kó owó yín lọ. Òmíràn po méjèèjì pọ̀, ó tì í pa. Òmíràn tún wà tó jẹ́ pé bí ẹ ṣe àṣeyọrí tán, wọ́n á yọ bónọ́ọ̀sì fúnra rẹ̀ kúrò kí wọ́n tó san èrè. Ẹ bi wọ́n léèrè kí ẹ tó fowó sílẹ̀, kí wọ́n sì kọ èsì sílẹ̀.

Ẹ má ṣí àkáùntì méjì. Ti ìyàwó tàbí ọkọ yín nínú ilé kan náà lè di ẹ̀sùn pẹ̀lú.

Bí ẹ bá fi Skrill tàbí Neteller, àpò owó orí íntánẹ́ẹ̀tì, san, ọ̀pọ̀ kásínò ló máa ń yọ yín kúrò nínú bónọ́ọ̀sì.

Ìkarùn-ún àbí ìkẹfà rè é, mi ò kà á mọ́: yíyí ọ̀fẹ́ (free spins), ìyẹn sílọ́ọ̀tì tí wọ́n ní kí ẹ yí láìsan owó. Èrè rẹ̀ sábà máa ń di bónọ́ọ̀sì tó ní ìlọ́po tirẹ̀, ó sì lè ní òpin. Ẹ lè jẹ 640 kí wọ́n ní 100 ni ẹ lè gbé.

Àwọn ọlọ́gbọ́n tó ń ta pupa àti dúdú pọ̀ lórí rùlẹ́ẹ̀tì kí ilà lè máa kún: wọ́n ti rí yín tipẹ́. Wọ́n kọ ọ́ sínú àdéhùn pé ó lòdì, wọ́n á sì fi í gba èrè yín. Òdo tó wà láàárín nọ́ńbà 37 yẹn, tí kì í ṣe pupa tí kì í ṣe dúdú, ń mú tirẹ̀ lọ́nà náà.

Ní Britain, Gambling Commission, àjọ tó ń ṣàkóso tẹ́tẹ́, ti pa á láṣẹ pé láti oṣù January 2026, ìlọ́po kankan kò gbọ́dọ̀ kọjá 10x. Lórí 100, ìyẹn jẹ́ 1,000, 4% rẹ̀ sì jẹ́ 40. Irú èyí, màá gbé e yẹ̀ wò. Fún èyí tó kù, àpótí kékeré kan wà tí ẹ fi lè sọ pé ẹ ò fẹ́ bónọ́ọ̀sì. Òun ni mo ń tẹ̀ jù báyìí. Bí mo bá sì fẹ́ gbà á, màá ya àwòrán ojú ìwé àdéhùn lọ́jọ́ náà, torí wọ́n lè yí i padà.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá ni àbúrò mi ti blackjack tún pè. 200%, ó ń dunnú. Mo ní kó ka ìsàlẹ̀ fún mi. 50x, bónọ́ọ̀sì àti owó tí a fi sílẹ̀.

"Èló lo fẹ́ fi sílẹ̀?"

"100."

"Bónọ́ọ̀sì á jẹ́ 200. Fi 50 lọ́po 300."

Ó pẹ́ díẹ̀. "15,000, Ẹ̀gbọ́n."

"Ọjọ́ mélòó ni wọ́n fún ọ?"

"Méje."

Mo ní kó pa ojú ìwé náà dé, kó má tẹ nǹkan kan. Ó dákẹ́, ó dákẹ́, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, mo ti tẹ̀ ẹ́ kí n tó pè yín."