Àṣìṣe Àwa Olùkọ́ Tó Ń Mú Kí Ẹ̀kọ́ Sú Ọmọ

Ọmọ kì í dédé kórìíra ìṣirò. Láti Kàbà títí dé Ìsánlú tí mo ti ṣe tíṣà, púpọ̀ nínú àwọn tí ìṣirò sú ló jẹ́ pé olùkọ́ ni wọ́n kọ́kọ́ ń sá fún.

Àṣìṣe tó dùn mí jù ni ká bi ọmọ ní ìbéèrè, ká má sì jẹ́ kó ronú. Èmi náà ṣe é. Mo bi ọmọbìnrin kan pé mẹ́jọ lọ́nà méje jẹ́ mélòó. Ó dìde, ó ń fi àtàǹpàkò ka oríkèé ìka rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ yẹ̀rì. Kò tíì kà á débì kan tí mo fi ní, "Ẹlòmíràn!" Ọmọ tó wà níwájú ti pariwo 56. Ọmọbìnrin náà ká ìka rẹ̀ kò, ó jókòó. Títí sáà fi parí, kò nawọ́ mọ́.

Mary Budd Rowe, olùwádìí ará Amẹ́ríkà kan, ti kíyè sí èyí ní nǹkan bí 1970: tí olùkọ́ bá béèrè ọ̀rọ̀, kì í sábà dúró ju ìṣẹ́jú àáyá kan lọ. Níbi tí wọ́n ti dúró tó mẹ́ta, ìdáhùn àwọn ọmọ gùn sí i, àwọn tí kì í sọ̀rọ̀ sì bẹ̀rẹ̀ sí í dáhùn. Ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ta péré! Ẹni méjì tó pàdé lọ́nà oko ní Mọ̀pà ò tíì kí ara wọn tán nígbà yẹn. Ní báyìí, tí mo bá ti béèrè, mo máa ń yíjú sí pátákó, màá rọra nù ún díẹ̀. Kí n tó yíjú padà, ọwọ́ á ti pọ̀ lókè.

Ẹ má fi ẹ̀ka Yorùbá tí ọmọ ń sọ nílé ṣe yẹ̀yẹ́. Bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́ nílé ni ọmọ Yàgbà, Ìjùmú tàbí Búnú ṣe ń sọ ọ́. Ẹ gba tilé lẹ́nu rẹ̀ ná, kẹ́ ẹ tó kọ́ ọ ní bí ìwé ṣe ń kọ ọ́. Ọmọ tí ẹ bá fi ẹ̀rín pa lẹ́nu mọ́ nínú Yorùbá, ṣé nínú Gẹ̀ẹ́sì ló ti máa là á?

Mo mọ bí owó oṣù tí kò pé ṣe ń ba ọkàn jẹ́. Ọmọ kò mọ̀ ọ́n. Ojú tó le ló rí, ó sì rò pé òun ni wọ́n ń bínú sí.

Tí ẹ ò bá mọ ìdáhùn, ẹ má parọ́, ẹ má jágbe mọ́ ẹni tó béèrè. Ẹ ní, "Màá lọ wò ó, màá sọ fún yín lọ́la." Kẹ́ ẹ sì wò ó lóòótọ́, torí wọ́n á bi yín.